Ìyá Àgbà Lọ Bèèrè Omi Lọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Ìyá Àgbà mi ló yan pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa, bí wọ́n ṣe ń yan ìyàwó fún ọmọkùnrin ilé wa gan-an ló sì ṣe yàn án. Bí mo bá sọ báyìí fún àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n bá wá kí mi, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ń fi bùtá ṣe àlùwàlá, tó ń mu ẹ̀kọ tí à ń pè ní kókó, tó sì ń fi àkàrà tí à ń pè ní kóóse mu ún láràárọ̀, kò lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní pírósẹ́sọ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó mọ èèyàn, lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nílé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ash Town ni ilé wa wà, ní Kùmásì, agbo-ilé kan tí yàrá yí àgbàlá rẹ̀ ká. Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti wá. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Kùmásì ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Etí ni mo fi rántí ilé yẹn ju ojú lọ. Láàárọ̀, ìró bùtá ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, omi tó ń ṣàn sórí ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣe àlùwàlá, kí ìgbálẹ̀ tèmi tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ògiri wa ni níkàníkà wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Bó bá ti ń pariwo, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní àgbàlá á gbé ohùn sókè láìfura, bí wọ́n bá sì pa á lójijì, gbogbo ilé ló máa gbọ́ àṣírí ẹni tí kò tíì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ nípa ìdílé wa, níkàníkà ló sọ ọ́ fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́, odó fùfú àwọn aládùúgbò wa ọmọ Àṣáńtì ni yóò máa dún, Màámí á sì sọ pé bí òun bá gbọ́ ìró yẹn lókè òkun, òun á mọ̀ pé àkókò Màgàríbì ti sún mọ́.

Yàrá tó wà nínú agbo-ilé náà pọ̀ ju èèyàn inú rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó bí mi ni ìjọba ti ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, àwọn àbúrò bàbá àgbà mi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn sì padà sí Ìlọrin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún Ìyá Àgbà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọn ò bọ̀. Ìyá Àgbà kò bá wọn lọ, ó ní ọkọ òun wà nínú ilẹ̀ Kùmásì, ta ni kí òun fi í sílẹ̀ fún. Láràárọ̀ ló ń mú kí n gbá iwájú àwọn yàrá tí wọ́n tì pa yẹn. Bí mo bá fo ọ̀kan, á ní, "Rámátù, ṣé ìdọ̀tí lo fẹ́ kó kí ẹni tó ti àjò dé káàbọ̀?" Mo máa ń kùn sínú, mo rò pé ó kàn fẹ́ fi iṣẹ́ pa mí ni. Báyìí tí èmi náà ti ní yàrá tí àwọn ọmọ ti kó jáde, mo mọ ohun tó ń mú kí èèyàn gbálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Sàká, parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá fẹ́ kó wá jókòó ti òun ní ìsọ̀ aṣọ. Bọ̀ọ̀dá Sàká ní òun ò fẹ́ ta aṣọ, kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́ mọ̀. Bàbá bi í pé kí ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe tó ju géèmù lọ. Ká sọ tòótọ́, Bàbá kò parọ́, nítorí géèmù ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kwabena. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Kwabena, ó ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ayigya, ó sì ń to kọ̀ǹpútà pọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀, Bàbá ní ẹni tí kò bá lè gbọ́ràn kó jáde nílé òun. Ìbínú ló sọ ọ́, gbogbo wa la mọ̀. Bọ̀ọ̀dá Sàká náà mọ̀, àmọ́ ó di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó gba Ayigya lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wálé nítorí ìrun. Bó bá sì wá, òun àti Bàbá kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn lórí ẹní kan ṣoṣo. Bàbá á ní, "Rámátù, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó gbé omi ìfọwọ́ wá." Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gbọ́ kedere, á dúró kí n tún un sọ, á wá ní, "Rámátù, sọ fún Àlàájì pé mò ń gbé e bọ̀." Àlàájì ló ń pe bàbá tó bí i lọ́mọ, bí oníbàárà ṣe ń pè é lọ́jà. Lójoojúmọ́ ni Màámí ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú abọ́ onídèérí, wàákyé, ìrẹsì tí a sè mọ́ ẹ̀wà, tàbí tùwó, ohunkóhun tí a bá sè. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni wọ́n á ní kí n jẹ ẹ́ kó má baà ṣòfò. Mo fẹ́ràn wàákyé gan-an, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ti inú abọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ lọ, mo sì gbá iwájú yàrá Bọ̀ọ̀dá Sàká mọ́ àwọn yàrá tí wọ́n tì pa, láìrò ó. Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí. Kò bá mi wí. Ó wọlé tọ Bàbá lọ, níkàníkà sì ti dákẹ́, nítorí náà mo gbọ́. Ó ní, "Mi ò ní í gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kankan mọ́ láyé mi. Ohun tó ń pe ọmọ yìí lọ síta, ẹ gbé e wá sínú ilé." Bàbá ní, "Tóò." Ó ní òun gbà kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà, kódà kó jẹ́ ti géèmù, ṣùgbọ́n ilé ló máa jókòó yàn án, bí ilé ṣe ń yan gbogbo nǹkan. Súsú, àjọ tí Màámí ń dá lọ́jà, ti kàn án lásìkò yẹn, owó náà ló sì yọ̀ǹda fún un.

Nílé wa, bí ìpàdé bá délẹ̀, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá gbà pé bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, kò ní í ku nǹkan kan lẹ́nu ọmọdé mọ́ ju bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a jókòó lórí ẹní lẹ́yìn oúnjẹ, Bọ̀ọ̀dá Sàká sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún mi kí Bàbá lè gbọ́. "Rámátù, pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kò tó bisikíìtì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá ṣe, òun ló ń rò ó. Òun la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàn, torí ó níbi tí kálukú wọn ń jókòó sí, ohun tó kù á wá tẹ̀ lé e." Ó ní oríṣi méjì ló wà lọ́wọ́ Kwabena. Ọ̀kan ni gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀. Ìkejì kò lókìkí, a sọ ọ́ ní Àbúrò. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí Àbúrò ga ju ti Gbajúmọ̀, bó bá sì jẹ́ ìwé títẹ̀ tàbí ìṣirò, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù tuntun, tí mọ́tò ń sáré nínú wọn láàárín ilé àti igi bí ẹni pé òótọ́ ni, àwòrán wọn máa ń há Àbúrò lọ́fun. Gbajúmọ̀ ló ń yà á wéré. "Sɛbe o, Ìyá Àgbà," ẹ̀gbọ́n mi fi Twi tọrọ gáfárà, "Gbajúmọ̀ ni mo fẹ́."

Wọ́n ní kí n sọ tèmi. Mo ní Gbajúmọ̀, torí òun ni Bọ̀ọ̀dá Sàká fẹ́. Màámí ní èyí tó bá máa jẹ́ kí ọmọ òun jẹun nílé ni òun mú. Bàbá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn, kò sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀. "Rámátù, bi ẹ̀gbọ́n rẹ pé láti ìgbà wo ni nọ́ńbà ńlá ti di àbùkù. Bí mo bá ní yáàdì mẹ́wàá nílẹ̀, ṣé yáàdì mẹ́fà ló máa rà?" Bọ̀ọ̀dá Sàká ní, "Rámátù, sọ fún Àlàájì pé kì í ṣe aṣọ." Mo ṣí ẹnu láti jẹ́ iṣẹ́ náà, Ìyá Àgbà sì gbé ọwọ́ sókè. "Gbogbo yín ń jà lórí ohun tí ẹ kò rí. Màá lọ bèèrè omi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan Bàbá. A rò pé àwàdà ni.

Ẹni tó bá mọ ilé wa á mọ ohun tó ń wí. Bí ọmọkùnrin ilé wa bá ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, àgbà obìnrin kan á bo mayáfí rẹ̀, á gba ilé ọmọbìnrin náà lọ láìránṣẹ́ ṣáájú. Kò ní í sọ ohun tó bá wá. Á ní òùngbẹ ló mú òun lọ́nà, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lómi. Á wá jókòó, á máa wo bí ọmọ náà á ṣe gbé omi wá, bóyá ó kọ́kọ́ ṣan ife, bóyá ó kúnlẹ̀, bóyá ó sáré débi pé omi dà sílẹ̀. Kò ní í dìde títí àkókò ìrun tó kàn á fi tó, nítorí ó ní kò sẹ́ni tí kò lè ṣe ọmọlúàbí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Aláìfarabalẹ̀ nìkan ni Ìyá Àgbà kì í fẹ́ rí. Ó ní wàdùwàdù kì í tọ́jú ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yan Màámí, Bàbá sì máa ń sọ pé Màámí rọra gbé omi yẹn débi pé òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá òun gidi.

Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn Àìlà, Ìyá Àgbà bo mayáfí funfun tó fi ń lọ sí yìgì, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ trotro, bọ́ọ̀sì akérò, ó di Ayigya. Nígbà tí a kan ilẹ̀kùn Kwabena, kò wọ ẹ̀wù, ó sì sá lọ wá ọ̀kan lábẹ́ ibùsùn. Wáyà wà níbi gbogbo nínú yàrá náà, ó dà bí iwájú agboolé tí wọ́n sá ìtàkùn sí. Bọ̀ọ̀dá Sàká dìde gìrì. "Ìyá Àgbà, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan. Òùngbẹ ló mú mi lọ́nà."

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà bó ṣe yé e. Kwabena, ọmọ Àṣáńtì tí kò mọ àṣà wa, ti ń bu omi. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi Twi dúpẹ́, ó mu ún, ó wá tọ́ka sí kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí tábìlì. Ó ní kì í ṣe omi ọmọ náà ni òun bá wá, ti àwọn tó jókòó lórí tábìlì yẹn ni. Kwabena yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Chale, what she dey talk?"

"Chale, just on the two for am," ni Bọ̀ọ̀dá Sàká wí.

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà méjèèjì, wọ́n sì fi géèmù eré mọ́tò kan náà sí wọn. Ti Gbajúmọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án. Mọ́tò pupa kan ta jáde, ọ̀nà ń ká wọlé lábẹ́ rẹ̀, igi àti ilé ń fẹ́ kọjá tí ojú kò lè bá wọn. Orí mi wú, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, ó yíjú sí ògiri. "Òòyì kọ́ mi. Kí ló ń lé e?"

"Kò sí ohun tó ń lé e, Ìyá Àgbà. Bó ṣe yẹ kó yára nìyẹn."

Wọ́n wá yí i sí ti Àbúrò. Mọ́tò kan náà ni, ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ti ibi ìnáwó bọ̀ ló ń lọ. Bó bá dé kọ́nà, á dúró díẹ̀, á tún ṣí. Igi ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sún mọ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ wo ilé yẹn, wọ́n kùn ún ní búlúù. Ẹ wo ọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wa." Èmi kò rí ọkùnrin kankan nínú ti Gbajúmọ̀, ó sì wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó wò ó títí Alásàárì fi tó. Ó tẹ́ aṣọ kan sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó kírun, ó yíjú padà sí wa, ó sì fi Twi sọ̀rọ̀ kí Kwabena náà lè gbọ́. "Mo ti mu omi. Àbúrò ni a mú. Ó ń rò ó kó tó ṣe é. Ìkejì yẹn, bó bá wọ ilé wa, abọ́ kan ò ní í ṣẹ́ kù."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọn ì bá sọ fún un pé kì í ṣe sùúrù ló ń dá Àbúrò dúró ní kọ́nà, pé agbára rẹ̀ ni kò gbé e. Kwabena ti lanu. Bọ̀ọ̀dá Sàká gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: ó wo Gbajúmọ̀ lórí tábìlì, ó wo Ìyá Àgbà tó ń ká aṣọ tó fi kírun, ó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá." Inú bí mi títí a fi délé. Lọ́kàn mi, ohun tí a fẹ́ fi fa ọmọ wálé ti bà jẹ́. Ta ló máa tìtorí mọ́tò tí kò lè sáré fi Ayigya sílẹ̀?

Bọ̀ọ̀dá Sàká àti Kwabena ló gbé kọ̀ǹpútà náà wá, wọ́n sì tò ó sínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Báàgì rẹ̀ wà léjìká. Ó ní bí òun bá ti fi gbogbo rẹ̀ hàn wá tán, òun ń padà lọ. Màámí bu oúnjẹ sínú abọ́ onídèérí bó ṣe ń ṣe. Bọ̀ọ̀dá Sàká tan géèmù náà, mọ́tò pupa sì ń wọ́ lọ. Kò tíì dìde tí Ìyá Àgbà fi fa àpótí ìjókòó, ó jókòó tì í, ó ní, "Kọ́ mi."

Ó kọ́ ọ. Nítorí pé mọ́tò náà lọ́ra, ojú àgbàlagbà lè bá a, ìka rẹ̀ sì rí àyè láti wá bọ́tìnì tó yẹ kó tẹ̀. Ó ń sọ Bísímílà kó tó gbéra, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ń kí ọkùnrin tó ń juwọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà míì á yí mọ́tò padà láàárín eré, á máa lọ síbi tó ti ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á ní ọ̀nà kọ́ nìyẹn, á ní òun fẹ́ tún ilé búlúù yẹn wò dáadáa. Ẹ̀rín ń pa Bọ̀ọ̀dá Sàká débi pé omi ń jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó máa fi wo ìta, ọjọ́ ti lọ. Ó ní òun á lọ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, kété tí wọ́n kírun Àìlà tán, Ìyá Àgbà ti wà lórí àpótí, ó ń pè é. Ó tún ní òun á lọ lọ́túnla. Èmi kò mọ ọjọ́ tó tú báàgì rẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò fún mi ní wàákyé àná jẹ mọ́.

Bàbá kì í wọ yàrá náà. Ó kàn máa ń wá fìlà rẹ̀ kiri ní tòsí aṣọ ìkélé, fìlà tó wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà fi mọ́tò gbá ògiri, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú síwájú, ẹ̀rọ ń ké. Bàbá gbé aṣọ ìkélé. Ó ní, "Rámátù, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ…" Ìyá Àgbà tún gbá ògiri. Bàbá kò lè dúró dè mí. "Sàká, sọ fún un kó kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn ná."

Bọ̀ọ̀dá Sàká kò yíjú. Ó sún díẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ní, "Bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ fi hàn án." Bàbá jókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán mi parí lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mo sá lọ sí àgbàlá lọ sunkún díẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá ẹni tó kọ́ Bọ̀ọ̀dá Sàká níṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, kò sì bá a sọ̀rọ̀ ìsọ̀ aṣọ mọ́.

Ìyá Àgbà ti lọ bá ọkọ rẹ̀ nínú ilẹ̀ Kùmásì báyìí, Bàbá náà ti lọ. Nígbà tí mo padà lọ kí àwọn ará ilé ní Kùmásì kẹ́yìn, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí Bọ̀ọ̀dá Sàká ní ní Dichemso, mo sì bá Kwabena níbẹ̀, ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni a ń sọ tí a ń rẹ́rìn-ín, ni Kwabena bá fi Twi sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní nígbà tí òun ń to kọ̀ǹpútà yẹn, òun ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí òun fi Gbajúmọ̀ sí i, kí wọ́n ṣáà sọ pé Àbúrò ni, ta ló máa ṣí i wò. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kọ̀ jálẹ̀.

Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Sàká. "Kí ló dé tí ẹ kò gbà?"

Ó ń fi aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà kan, kò dúró. "Ṣé o rántí bó ṣe sún mọ́ tábìlì lọ́jọ́ yẹn, tó ń ka ilé, tó ń ka igi? Bó bá jẹ́ Gbajúmọ̀ ni, èmi nìkan ni ǹ bá máa gbá a."

Inú agbo-ilé wa ní Ash Town ni mo sùn. Láàárọ̀, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, mo mú ìgbálẹ̀. Mo gbá iwájú àwọn yàrá tí wọ́n tì pa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, kò sí wàhálà, ilẹ̀ wọn mọ́. Iwájú yàrá Bọ̀ọ̀dá Sàká ló fún mi níṣẹ́. Mo ní láti kọ́kọ́ kó bàtà àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí n tó rí ilẹ̀ gbá.